Cicely Williams, dókítà tó gbèjà ọmú ìyá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo dókítà ọmọdé mọ̀, yálà wọ́n kàwé ní Paris tàbí ní Kútọnu. Ọ̀rọ̀ náà ni kwashiorkor. Kì í ṣe èdè òyìnbó rárá. Àwọn Gáà, tí wọ́n ni ìlú Accra, ni wọ́n ni ín. Orúkọ àìsàn tó ń mú ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ ti dé ni. Obìnrin tó gbọ́ orúkọ yìí lẹ́nu àwọn ọlọ́mọ, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn, ni Cicely Williams.

Ní 1893 ni wọ́n bí i ní Jàmáíkà, erékùṣù kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà. Òyìnbó ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sójú ogun, yunifásítì Oxford gba àwọn obìnrin díẹ̀ láyè láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Cicely wà lára wọn. Ó di dókítà ní 1923.

Ní 1929, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán an lọ sí Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Owó oṣù rẹ̀ kéré sí ti ọkùnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ó lọ.

Ní Accra, ó rí àwọn ọmọ tó ti lé ní ọmọ ọdún kan, tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pupa, tí awọ ara wọn ń bó. Wọn kì í rẹ́rìn-ín, wọn kì í ṣeré. Púpọ̀ nínú wọn ń kú. Àwọn dókítà tó jù ú lọ ní ipò ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe àìsàn náà. Cicely bi àwọn ìyá wọn léèrè, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà kì í ṣe nìyẹn. Wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún un, wọ́n sì sọ oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ: ẹ̀kọ àgbàdo, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀kọ kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mu ọmú mọ́, tí kò rí ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà jẹ pẹ̀lú ẹ̀kọ, kò lè rí ohun tí ara rẹ̀ fi ń dàgbà. Ó kọ èyí sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní 1933. Ní 1935 ó lo orúkọ tí àwọn ìyá fún un. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní London bá a jiyàn. Òun ló jàre.

Ní 1936 wọ́n gbé e lọ sí Malaya, ní ilẹ̀ Éṣíà. Ibẹ̀ ló ti bá ọ̀ràn kejì pàdé, èyí sì bí i nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn oníṣòwò ń rán àwọn obìnrin tó múra bíi nọ́ọ̀sì lọ sí ilé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọn a sọ fún wọn pé wàrà dídì inú agolo, tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀, sàn ju ọmú lọ. Ìyá a gbà wọ́n gbọ́. Ọmú tí ọmọ kò bá sì mu, gbígbẹ ló ń gbẹ. Kò ní pẹ́ tí owó agolo yóò fi wọ́n ìyá lọ́rùn, yóò wá bu omi púpọ̀ sí wàrà kékeré. Omi náà kò mọ́, ìgò kò mọ́. Ìgbẹ́ gbuuru a dé, omi ara ọmọ a gbẹ, ọmọ a sì kú.

Kì í ṣe pé Cicely kórìíra wàrà agolo. Ní Accra, ó fi í tọ́jú àwọn ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú. Kí a fi í gba ipò ọmú lẹ́nu ọmọ jòjòló ni kò fẹ́. Ní 1939, níwájú àwọn ènìyàn ńláńlá ní Singapore, ó sọ̀rọ̀ kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ Wàrà àti Ìpànìyàn. Ó ní ìpànìyàn ni kí a ka ikú àwọn ọmọ tó kú lọ́nà yìí sí.

Ogun Àgbáyé Kejì dé. Ní 1942 àwọn ọmọ ogun Jàpáánì gba Singapore, wọ́n sì kó Cicely sí àhámọ́ ní Changi. Ó lo ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ní àhámọ́. Ebi pa á, àìsàn ṣe é, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́. Síbẹ̀, ó ń tọ́jú àwọn obìnrin àti ọmọdé tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ọmọ 20 ni wọ́n bí nínú àhámọ́ yẹn. Kò sí wàrà agolo, oúnjẹ ìyá gan-an kò tó nǹkan. Gbogbo àwọn ọmọ náà ló mu ọmú ìyá wọn. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó kú.

Ní 1948, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í ṣe olórí àkọ́kọ́ fún ẹ̀ka ìtọ́jú ìyá àti ọmọ. Lẹ́yìn náà ó kọ́ àwọn dókítà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ní 1981, àjọ kan náà fọwọ́ sí òfin ìtọ́sọ́nà tó sọ pé kí oníṣòwò má polówó wàrà tí a fi ń rọ́pò ọmú fún àwọn ìyá mọ́. Ẹni ọdún 87 ni Cicely Williams nígbà náà. Ó kú ní Oxford ní 1992.