Johannes Gutenberg, Ẹni tí ó Tẹ Bíbélì Mímọ́

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń múra fún Ìrìbọmi, Bíbélì Mímọ́ tí ẹ ń gbé lọ sí ibi ẹ̀kọ́, ọwọ́ ni a fi ń dà á kọ ní ayé àtijọ́. Adàwékọ kan lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Ta ni nínú àwọn tálákà ni yóò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rà?

Ìlú Mainz ní ilẹ̀ Jámánì ni a bí Johannes Gutenberg sí, ní nǹkan bí ọdún 1400. Ó mọ iṣẹ́ irin dáadáa. Nígbà tí ó ń gbé ní Strasbourg, òun àti àwọn kan pawọ́ pọ̀ láti ṣe dígí tí wọn yóò tà fún àwọn tí ń rin ìrìnàjò mímọ́ lọ sí Aachen. Wọ́n ti náwó sí i kí wọ́n tó gbọ́ pé a ti sún ìrìnàjò náà sí ọdún 1440. Ọ̀kan nínú wọn kú, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ sì pe Gutenberg lẹ́jọ́. Ó jàre nígbà náà.

Kí a sọ òótọ́: àwọn ará Ṣáínà àti Kòríà ti ń tẹ̀wé ṣáájú rẹ̀. Ohun tí Gutenberg ṣe ni pé ó fi òjé tí a pò mọ́ irin mìíràn rọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. A ó to àwọn lẹ́tà náà di ọ̀rọ̀, a ó fi tàdáwà olóròóró kùn wọ́n, a ó sì fi ẹ̀rọ tí ó jọ ìfúntí tẹ ìwé mọ́ wọn. Bí a bá tẹ ojú ewé kan tán, a ó tú àwọn lẹ́tà náà ká, a ó sì tò wọ́n fún òmíràn.

Iṣẹ́ yìí gba owó púpọ̀. Ní ọdún 1450, ó yá 800 owó wúrà lọ́wọ́ Johann Fust, ó sì fi àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ dógò. Ní 1452, Fust tún mú 800 mìíràn wá. Wọ́n tẹ Bíbélì ní èdè Látìnì, nǹkan bí 180 ẹ̀dà, ìlà 42 ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ewé, òmíràn lórí awọ ọmọ màlúù. Enea Silvio Piccolomini, tí ó di Póòpù Pius Kejì ní 1458, rí díẹ̀ nínú ewé rẹ̀ ní Frankfurt, ó sì kọ̀wé pé ènìyàn lè kà á láìlo awò ojú.

Ṣùgbọ́n ní 1455, bí Bíbélì náà ti ń parí, Fust gbé e lọ sí ilé ẹjọ́: owó àti èlé rẹ̀ ti di 2,026. Lọ́tẹ̀ yìí, Gutenberg jẹ̀bi. Peter Schoeffer, òṣìṣẹ́ rẹ̀, ni ó jẹ́rìí fún Fust, ó sì fẹ́ ọmọbìnrin Fust lẹ́yìn náà. Orúkọ àwọn méjèèjì ni ó wà nínú Ìwé Sáàmù tí a tẹ̀ ní 1457. Kò sí ìwé kan tí orúkọ Gutenberg wà nínú rẹ̀.

Ní 1465, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Adolf ti Mainz rántí rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí a máa fún un ní aṣọ, ọkà àti ọtí wáìnì lọ́dọọdún. Ó kú ní 1468. Ilé ìsìn àwọn ọmọlẹ́yìn Fránsíìsì Mímọ́ tí a sin ín sí ti wó, kò sì sí ẹni tí ó mọ ojú oórì rẹ̀ mọ́. Nínú àwọn Bíbélì náà, nǹkan bí 49 ni ó ṣẹ́kù. Méjì wà ní Mainz.