BUDDY HOLLY ÀTI ORIN TÍ Ó KỌ FÚN ÌYÀWÓ RẸ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní tibi tire la dá ilé ayé. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé ọmọkùnrin òyìnbó kan, ọmọ ọdún méjìlélógún, fi èrò yìí kan náà ṣe orin ìfẹ́. Buddy Holly ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní 65 ọdún tí ó ti kú, síbẹ̀ títí di òní ni àwọn tọkọtaya ń jó sí orin náà níbi ìgbéyàwó. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín ni ìgbé-ayé rẹ̀ àti ohun tí orin náà ń sọ ní ti gidi, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ń jó sí i láìmọ ohun tí ojú ẹni tí ó kọ ọ́ àti ẹni tí a kọ ọ́ fún rí.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE

Ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 1936 ni wọ́n bí i ní ìlú Lubbock, ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Charles Hardin Holley ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Buddy ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ẹbí náà ń lọ, orin kò sì wọ́n láàrin wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Travis ló kọ́ ọ bí a ṣe ń ta gìtá.

Ní àkókò yẹn, òfin ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun ní Texas. Ilé-ìwé wọn kò pọ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í jókòó pọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó lè ya afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, Buddy a máa fi rédíò wá àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó jìnnà réré tí ń gbé orin àwọn aláwọ̀ dúdú sáfẹ́fẹ́. Orin wọ̀nyí àti orin ìbílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Texas ni ó pò pọ̀ tí ó fi di olórin.

BÍ ÒKÌKÍ RẸ̀ ṢE KÀN

Lọ́dún 1955, Elvis Presley wá ṣeré ní Lubbock, Buddy sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọrin lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ ti fà sí rock and roll pátápátá. Lọ́dún 1956, ilé-iṣẹ́ Decca gbà á wọlé. Níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn ni lẹ́tà kan ti já bọ́, tí Holley fi di Holly. Kò bá wọn jà, ó fi orúkọ tuntun náà ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n rẹ́kọ́ọ̀dù tí ó ṣe fún wọn ní Nashville kò tà, wọ́n sì ní kí ó máa lọ. Èyí tí ó tún burú ni pé ìwé àdéhùn náà kò gbà á láyè láti tún àwọn orin tí ó ti kọ lọ́dọ̀ wọn kọ níbòmíràn fún ọdún márùn-ún.

Buddy kò káwọ́ lérí. Ní oṣù kejì ọdún 1957, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú Clovis, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, níbi tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Norman Petty ti ní ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tún orin That'll Be the Day kọ, wọ́n sì fi orúkọ ẹgbẹ́ wọn, The Crickets, bo orúkọ Buddy mọ́lẹ̀ kí Decca má baà mú wọn. Ìrẹ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ yìí, kòkòrò kékeré tí ohùn rẹ̀ ń gba gbogbo oko kan lóru. Orúkọ a máa ro ni lóòótọ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, orin wọn ti gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, kò sì pẹ́ tí ó fi gbà á ní Ìlú Ọba pẹ̀lú.

Buddy kì í ṣe arẹwà bí Elvis. Ó ga, ó tín-ín-rín, dígí dúdú ńlá kò sì kúrò lójú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ a máa já lójijì bí ẹni pé òsúkè ń dà á láàmú, èyí gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń kọ orin tí a kọ fún wọn, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ púpọ̀ nínú orin tiwọn fúnra wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1957, wọ́n ṣeré ní Apollo Theater ní Harlem, gbọ̀ngàn tí ó jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń kọrin níbẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ dúdú sì ń wò. Ní oṣù kẹta ọdún 1958, wọ́n rìn káàkiri Ìlú Ọba.

Ó yẹ kí a tú àṣìmọ̀ kan ká níbí yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Peggy Sue, tí ó sọ di olókìkí lọ́dún 1957, ni olólùfẹ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́bìnrin Jerry Allison, onílù ẹgbẹ́ wọn, ni Peggy Sue. Cindy Lou ni Buddy kọ́kọ́ pe orin náà, kí wọ́n tó fi orúkọ Peggy Sue rọ́pò rẹ̀ láti tẹ́ Jerry lọ́rùn. Buddy kàn yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóhùn ni. Orin tí ó kọ fún ẹni tirẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

MARIA ELENA

Ní oṣù kẹfà ọdún 1958, Buddy lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tí ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn olórin ní New York. Ọmọbìnrin tí ń gba àlejò níbẹ̀ ni Maria Elena Santiago. Ọmọ Puerto Rico ni, èdè Spanish ni èdè abínibí rẹ̀, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ni ó sì ń gbé. Buddy ní kí ó wá bá òun jẹun. Àǹtí kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́, nítorí ó mọ ìwà àwọn olórin, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá ó yọ̀ǹda. Níbi oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kìíní yẹn gan-an ni Buddy ti ní òun fẹ́ fi ọmọbìnrin yìí ṣe aya. Ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní Lubbock.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Ọmọ Onítẹ̀bọmi láti Texas fẹ́ ọmọ Puerto Rico, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun kò ka irú wọn sí ẹgbẹ́ wọn. Norman Petty, tí ó ti di mánéjà Buddy, kò fara mọ́ ìgbéyàwó náà rárá. Ó ní kí wọ́n fi pamọ́, kí àwọn ọmọbìnrin tí ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù má baà bínú. Bí wọ́n bá wà lẹ́nu ìrìnàjò orin, wọ́n a ní akọ̀wé ẹgbẹ́ ni Maria Elena. Ìyàwó tí a fi òrùka fẹ́ níwájú pásítọ̀ di akọ̀wé lójú ayé. Nígbà tí ọdún 1958 yóò fi parí, Buddy ti kúrò lọ́dọ̀ Petty, ó sì ti fi New York ṣe ibùgbé. Ṣùgbọ́n owó orin rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Petty, kò sì rí i gbà.

ORIN NÁÀ

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1958 ni ó kọ True Love Ways sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní New York. Kò sí àriwo ìlù tí a mọ̀ mọ́ ọn nínú rẹ̀. Àwọn tí ń ta gòjé òyìnbó ló yí i ká, fèrè sasofóònù sì ń dá a lóhùn bí ẹni tí ń bá a kẹ́dùn. Ìyàwó rẹ̀ ni ó kọ ọ́ fún. Orúkọ Petty, ẹni tí kò fẹ́ ìgbéyàwó náà, wà lórí orin yìí pẹ̀lú gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì tí ó kọ ọ́.

Bí a bá tú orin náà wò, a ó rí i pé kò yin ẹwà obìnrin, kò ṣèlérí wúrà, kò sì bẹ̀bẹ̀ fún ìfẹ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé àwọn méjèèjì yóò mí ìmí ẹ̀dùn, wọn yóò sì sunkún nígbà mìíràn. Pé ìfẹ́ òtítọ́ wọn yóò mú ayọ̀ wá, èyí tí wọn yóò pín pẹ̀lú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jẹ lógún ní tòótọ́. Àti pé olólùfẹ́ òun nìkan ló mọ ìdí tí àwọn méjèèjì yóò fi mọ ọ̀nà ìfẹ́ òtítọ́ ní ọjọ́ iwájú. Tibi tire náà nìyẹn. Orin tí ó yẹ kí arúgbó tí ó ti lo ogójì ọdún pẹ̀lú aya rẹ̀ kọ ni ọmọdé ọkọ yìí kọ nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méjì. Ọjọ́ iwájú ni ó fi dúró.

ÀJÒ TÍ KÒ PADÀ

Ọjọ́ iwájú náà kò dé. Maria Elena ti lóyún, owó kò sì sí nílé. Ìdí nìyí tí Buddy fi gbà láti bá àwọn olórin mìíràn rìnrìnàjò ní àárín òtútù, láti ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kìíní ọdún 1959. Ìlú mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fẹ́ dé ní ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Bọ́ọ̀sì wọn kò ní ohun ìmúgbóná tí ó dára, ó sì ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Òtútù jẹ ẹsẹ̀ onílù Buddy títí tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì oṣù kejì, wọ́n ṣeré ní Clear Lake, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Buddy ti háyà bàálù kékeré kan kí òun lè tètè dé ìlú tí ó kàn, kí òun sinmi, kí òun sì fọ aṣọ. Waylon Jennings yọ̀ǹda àyè tirẹ̀ fún J. P. Richardson tí ara rẹ̀ kò yá. Tommy Allsup àti Ritchie Valens, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, fi owó ẹyọ ta kòókòó, Valens sì jẹ. Ní nǹkan bí agogo kan òru, ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1959, bàálù náà já sínú oko àgbàdo kan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti awakọ̀ wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, kú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n Buddy kò relé mọ́.

Ẹnu ìròyìn ni Maria Elena ti gbọ́ pé ọkọ òun kú. Kò pẹ́ tí oyún náà fi bàjẹ́. Kò lè lọ síbi ìsìnkú. Pásítọ̀ tí ó so wọ́n pọ̀ ní oṣù kẹjọ ni ó tún ṣe ìsìn ìsìnkú náà ní Lubbock. Ìgbéyàwó náà kò pé oṣù mẹ́fà.

OHUN TÍ Ó KÙ

Lọ́dún 1960 ni orin True Love Ways tó jáde fún aráyé. Ní Liverpool, àwọn ọ̀dọ́ tí ó di The Beatles ti fi That'll Be the Day ṣe ìgbohùnsílẹ̀ wọn àkọ́kọ́ lọ́dún 1958, orúkọ kòkòrò ni àwọn náà sì wá mú bí ẹgbẹ́ Buddy. Bob Dylan, tí ó wò ó lórí ìtàgé ní Duluth ní ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó kú, sọ nípa rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2017. Maria Elena fẹ́ ọkọ mìíràn, ó bímọ, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀pọ̀ ọdún dáàbò bo orúkọ àti ẹ̀tọ́ Buddy. Ẹni tí wọ́n pè ní akọ̀wé ló di olùtọ́jú ogún.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, inú ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ Yorùbá, Tiv, Igbo, Nupe àti Hausa ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ni a wà. Ọ̀pọ̀ wa ló ní olólùfẹ́ tí a ń pè ní ọ̀rẹ́ kíláàsì nígbà tí ará ilé bá wá kí wa, nítorí ẹ̀yà rẹ̀ tàbí ìjọ rẹ̀. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni tàpá sí òbí. Buddy fúnra rẹ̀, iwájú àwọn òbí rẹ̀ ni ó mú ìyàwó rẹ̀ wá, ilé wọn ni wọ́n sì ti so yìgì. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ń retí kí ó bá wa pín ẹkún ọ̀la, kò yẹ kí a fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ lónìí. Orin náà fi ọjọ́ iwájú dúró, ọjọ́ iwájú sì lè má dé. Bí ẹ bá tún gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó, ẹ rántí obìnrin tí a kọ ọ́ fún, kí ẹ sì pe orúkọ ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn síta.