Snell, ẹni tí iná jó eku rẹ̀

Ọdún 1935 ni George Snell dé ibùdó ìwádìí Jackson ní Bar Harbor, l'Ámẹ́ríkà. Eku ni wọ́n ń sìn níbẹ̀: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n ń jẹ́ kó gun ara wọn, títí ìdílé kan yóò fi jọra bí ìbejì. Lọ́dún 1947, iná jó ibùdó náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ eku sì bá a lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó ti gba irú wọn lọ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n dá a padà!

Nínú ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá eku, ibì kan wà tó ń pinnu bóyá ara yóò gba kókó tí wọ́n mú láti ara eku mìíràn. Snell àti Peter Gorer, ará Lọ́ńdọ̀nù, pè é ní H-2 lọ́dún 1948. Ẹ̀yìn èyí ni Hugh McDevitt fi hàn pé ibẹ̀ náà ló fà á tí abẹ́rẹ́ kan náà fi ń mú ìdílé eku kan pèsè àǹtíbọ́dì yanturu, tí òmíràn kò rí ju díẹ̀ lọ.

Snell ti fẹ̀yìn tì kí ẹ̀bùn Nobel tó kàn án lọ́dún 1980. Ó kú ní Bar Harbor lọ́dún 1996, lẹ́ni ọdún 92.