Ojú Ta Ló Wà Nínú Àwòrán Náà?

Ìlú Leiden ní ilẹ̀ Họ́láǹdì ni a ti bí ayàwòrán kan, Jan Steen, ní nǹkan bí ọdún 1626. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni. Bàbá rẹ̀ a máa pọn ọtí tà. Òun náà gba ilé ìpọntí kan ní Delft ní 1654, ṣùgbọ́n kò rí èrè níbẹ̀. Ní 1672 ó ṣí ilé ọtí ní Leiden. Àríyá kò ṣàjèjì sí i rárá.

Wo àwòrán tí ó yà ní 1663, tí ó wà ní Vienna. Ilé olówó ni. Ìyá ilé ti sùn lọ. Ajá ń jẹ oúnjẹ orí tábìlì, ọmọdé ń fa tábà, ọ̀bọ ń fi agogo ara ògiri ṣeré, ẹlẹ́dẹ̀ sì ti wọlé. Apẹ̀rẹ̀ kan rọ̀ lókè orí wọn, ọ̀pá arọ àti idà wà nínú rẹ̀. Ìyà tí ń bọ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó gbójú sókè.

Nínú àwòrán mìíràn, tí ó wà ní The Hague, bàbá kan ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń kọ́ ọmọdé láti fa tábà. Ojú Steen fúnra rẹ̀ ni ojú bàbá náà! Ó kú ní 1679, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ rẹ̀ kò kú.

Ìwọ òbí, ó rọrùn láti tọ́ka sí ilé aládùúgbò. Nínú ilé tìrẹ, ta ló ń sùn? Kí ni ọmọ rẹ ń kọ́ lára rẹ? Kí Olúwa jí wa lójú oorun. Àmín.