Robert Goddard: Ìtàn Ẹni Tí Ó Kọ́kọ́ Mú Rọ́kẹ́ẹ̀tì Elépo Olómi Fò

Àjọ̀dún kì í ṣe ọjọ́ jíjẹ àti mímu nìkan. Ọjọ́ ìrántí ni pẹ̀lú. Bí a ti ń kí ara wa kú oríire ọdún ilé-ìwé wa yìí, ó tọ́ kí a rántí ọkùnrin kan tí òun náà ní ọjọ́ àjọ̀dún tirẹ̀, tí ó ń pa á mọ́ lọ́dọọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọjọ́ náà gan-an kò sí aládùúgbò kan tí ó mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Robert Hutchings Goddard ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Worcester ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

A bí i ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1882. Ọmọ aláìlera ni. Àìsàn kì í jẹ́ kí ó lọ sí ilé-ìwé déédéé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ọdún méjì ṣíwájú rẹ̀. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ti dúró lẹ́yìn rí nínú ẹ̀kọ́ yóò mọ irú ìrora ọkàn tí èyí ń mú wá. Ṣùgbọ́n ní ilé tí àìsàn dá a dúró sí, ìwé ni ó fi ṣe ọ̀rẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1899, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó gun igi ṣẹ́rì kan lẹ́yìn ilé láti gé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tí ó ti kú. Láti orí igi náà ni ó ti ń wo pápá tí ó wà níwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ro bí yóò ti dára tó bí ènìyàn bá lè ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò gbéra nínú pápá yẹn, tí yóò sì lọ títí dé Máàsì. Nígbà tí ó fi sọ̀kalẹ̀, ó ti mọ ohun tí òun yóò fi ayé òun ṣe. Ọjọ́ yìí ni ó sọ di àjọ̀dún.

Ọdún 1904 ni ó jáde ní ilé-ìwé girama, ó ti di ẹni ọdún 21, ṣùgbọ́n òun ni a yàn láti sọ̀rọ̀ ní orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gba oyè ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 1908, ó sì di ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Clark ní ọdún 1911. Ní ọdún 1913 ni ikọ́ ife dá a dùbúlẹ̀, àwọn dókítà kò sì rò pé yóò tún dìde. Ó dìde. Ní ọdún 1914, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé-ẹ̀rí ìhùmọ̀ méjì: ọ̀kan fún rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń jó epo olómi, èkejì fún rọ́kẹ́ẹ̀tì alápá púpọ̀, tí ń já apá tí ó bá ti jó tán sílẹ̀ kí ìyókù lè fúyẹ́ sí i. Lórí ìhùmọ̀ méjèèjì yìí ni àwọn ọkọ̀ tí ó gbé ènìyàn dé òṣùpá dúró.

Ilé-iṣẹ́ Smithsonian fún un ní 5,000 dọ́là ní ọdún 1917, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ tí ó dá lé bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe lè dé òkè réré jáde. Ìṣirò ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ó ṣeé ṣe kí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé ẹ̀tù lọ sí òṣùpá, kí ó bú gbàmù níbẹ̀, kí àwọn ará ayé sì fi awò amú-ọ̀nà-jíjìn rí iná rẹ̀. Èyí nìkan ni àwọn oníwèé-ìròyìn gbá mú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1920, The New York Times fi í ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n ní ní òfuurufú níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́, kò sí ohun tí rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò fi ẹsẹ̀ tì kí ó lè lọ síwájú, àti pé ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ̀ lójoojúmọ́ ni kò yé ọ̀jọ̀gbọ́n yìí.

Ẹni tí ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni kò yé. Bí ènìyàn bá dúró nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, tí ó sì ju òkúta ńlá sẹ́yìn pẹ̀lú agbára, ọkọ̀ náà yóò sún síwájú. Òkúta náà kò ti ògiri kankan. Jíjù tí a jù ú ni ó ti ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èéfín gbígbóná tí ń tú jáde nídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń tì í lọ, ìbáà ṣe níbi tí afẹ́fẹ́ wà tàbí níbi tí kò sí. Goddard ti dán èyí wò nínú ọ̀pá irin tí ó ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Síbẹ̀, yẹ̀yẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára. Láti ìgbà náà ni ó ti di ẹni tí kì í sọ púpọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò rọrùn. Epo pẹtiróòlù ni ó fẹ́ jó pẹ̀lú ọ́síjìn olómi. Ọ́síjìn kì í di olómi bí kò ṣe pé ó tutù dé ìwọ̀n 183 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí rọ́bà bá kàn án, yóò le gan-an, yóò sì fọ́ bí àwo. Nínú ẹ̀rọ kan náà, kò jìnnà sí òtútù yìí, iná tí ó lè yọ́ irin ni yóò máa jó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi wá ọ̀nà tí àwọn méjèèjì yóò fi gbé pọ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1926, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí oko ìbátan rẹ̀ kan ní ìlú Auburn. Yìnyín ṣì wà nílẹ̀. Àwọn mẹ́rin péré ni ó wà níbẹ̀: òun, Esther ìyàwó rẹ̀, àti Percy Roope pẹ̀lú Henry Sachs tí wọ́n ń ràn án lọ́wọ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà kò jọ èyí tí à ń rí lónìí. Òkè ni ẹ̀rọ tí ń jó wà, ìkòkò epo àti ti ọ́síjìn wà nísàlẹ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó so wọ́n pọ̀. Sachs fi iná tí a so mọ́ ọ̀pá gígùn tàn án. Ó hó yàà, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan. Nígbà tí epo jó díẹ̀ tí ó sì fúyẹ́, ó gbéra. Ó dé gíga ẹsẹ̀ bàtà 41, èyí tí kò ju gíga igi ọ̀pẹ lọ, ó sì já sínú oko kábéèjì ní ẹsẹ̀ bàtà 184 síbi tí ó ti gbéra. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá 2.5 lọ. Esther gbé kámẹ́rà dání láti ya á, ṣùgbọ́n kámẹ́rà náà ti yí tán kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó kúrò nílẹ̀. Báyìí ni rọ́kẹ́ẹ̀tì elépo olómi àkọ́kọ́ láyé ṣe fò, láìsí ìlù, láìsí fèrè, láìsí àwòrán.

Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1929, òmíràn tí ó gbé kámẹ́rà kékeré àti òṣùwọ̀n ojú ọjọ́ pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi rò pé ọkọ̀ òfuurufú ni ó já. Ọlọ́pàá dé, àwọn aláṣẹ sì dá a dúró. Ariwo yìí náà ni ó mú kí Charles Lindbergh, awakọ̀ òfuurufú tí òkìkí rẹ̀ kàn, gbọ́ nípa rẹ̀, tí ó sì bá a wá owó lọ́dọ̀ ìdílé Guggenheim. Ní ọdún 1930, Goddard kó lọ sí Roswell ní ìpínlẹ̀ New Mexico, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí ènìyàn kò sì pọ̀. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jóná lójú kan, ọ̀pọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá fi àgbá kékeré kan sínú wọn tí ń yí bíríbírí bí òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta. Bí òkòtó kò ti í ṣubú nígbà tí ó bá ń yí, bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ ibi tí òkè wà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1935, ọ̀kan gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 4,800 láìṣìnà. Ní ọdún 1937, òmíràn kọjá 8,000.

A kò ní fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ṣùgbọ́n ọwọ́ díẹ̀ ni Goddard fi ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni ó kọjá lẹ́yìn ọjọ́ oko kábéèjì náà kí ó tó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Lákòókò yẹn, àwọn ará Jámánì kó ọ̀pọ̀ onímọ̀ jọ, ìjọba náwó sí i, wọ́n sì ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun tí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ jìnnà réré. Yẹ̀yẹ́ tí a ṣe é sé e mọ́lé, ìsémọ́lé náà sì dín èrè iṣẹ́ rẹ̀ kù.

Àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ni ó pa á ní Baltimore ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún, ọdún 1945. Esther kò jẹ́ kí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ bá a wọlẹ̀. Nínú ìwé-ẹ̀rí ìhùmọ̀ 214 tí ó ń jẹ́ orúkọ Goddard, ó ju ìdajì lọ tí a gbà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọdún 1960, ìjọba Amẹ́ríkà san mílíọ̀nù kan dọ́là nítorí pé wọ́n ti lo ìmọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Agẹmọ, ọdún 1969, ọjọ́ kejì tí Apollo 11 gbéra lọ sí òṣùpá, The New York Times jẹ́wọ́ pé àwọn ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún 24 nínú ibojì.

Nígbà tí NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ti orílẹ̀-èdè wa, gòkè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní oṣù Owewe ọdún 2003, rọ́kẹ́ẹ̀tì elépo olómi ni ó gbé e. Ọ̀nà tí ó gbà lọ, inú oko kábéèjì ni a ti là á.

Wòlíì Sekaráyà ti kìlọ̀ pé kí a má ṣe gan ọjọ́ ohun kékeré. Ẹ̀yin òbí, ẹ ní sùúrù fún ọmọ tí ó dúró lẹ́yìn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ rántí àwọn tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú kíláàsì nígbà ayé wa, kí àwa tí a bá wọn rẹ́rìn-ín sì má dúró títí wọn yóò fi kú kí a tó tọrọ àforíjì. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé-ìwé wa máa jẹ́ ibi tí ọmọ lè sọ èrò ọkàn rẹ̀ jáde láìbẹ̀rù. Àmín.