Joel Stebbins, Ẹni Tí Ó Fi Iná Mànàmáná Wọn Ìmọ́lẹ̀ Ìràwọ̀

Ìtàn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kan ni a mú wá lọ́dún yìí, nítorí pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ń tọ́ ọmọ.

Ìlú Omaha ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti bí Joel Stebbins ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, ọdún 1878. Ó kọ́ ìmọ̀ nípa ìràwọ̀, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Illinois ní ọdún 1903.

Ìràwọ̀ kan wà tí àwọn Lárúbáwá sọ ní Orí Àǹjọ̀nú. Algol ni àwọn òyìnbó ń pè é. Bí ọjọ́ 2, wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 49 bá ti pé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a ṣú, a sì tún padà mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1783, John Goodricke, ọ̀dọ́mọkùnrin adití ní ìlú York, dábàá pé ó lè jẹ́ ohun kan tí ó ṣókùnkùn ni ń kọjá níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lókèèrè wo fìtílà méjì ní ọjà Ojúwòyè lálẹ́ yóò mọ bí ó ti rí: bí ọ̀kan bá bọ́ síwájú èkejì, ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí a dín kù.

Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ òkùnkùn biribiri ni ẹnìkejì Algol yìí, àbí òun náà ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀? Bí ó bá ní in, ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí gbọ́dọ̀ dín díẹ̀ nígbà tí Algol bá bọ́ síwájú rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí àdínkù kékeré bẹ́ẹ̀.

Láti ọdún 1907 ni Stebbins ti ń lo sẹ̀lẹ́níọ́ọ̀mù, ohun tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òṣùpá nìkan ni ó mọ́lẹ̀ tó fún un. Nígbà tí ọ̀kan fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n rí i pé àfọ́kù rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju odindi lọ. Ó tún fi yìnyín mú un tutù kí ó má baà ṣe ségesège. Lóru, bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bá ti yí, a ó kọ iye rẹ̀ àti ohun tí aago wí sílẹ̀, títí a ó fi mọ agbedeméjì ìṣíjibò náà gan-an.

Ní ọdún 1910, ó kéde èsì rẹ̀: àdínkù kékeré náà wà ní tòótọ́, nǹkan bí ìpín 6 nínú 100. Ìràwọ̀ tí a rò pé ó ṣókùnkùn ń tàn láti ọjọ́ yìí wá!

Stebbins lọ sí Wisconsin ní ọdún 1922, ó sì ṣe olórí ilé ìwòràwọ̀ níbẹ̀ títí di ọdún 1948. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, ọdún 1966.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tú èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, kí a tó pe ọmọ kan ní òkùnkùn nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa bóyá a ti fi sùúrù wò ó.