Guglielmo Marconi àti Wáyà Òòró

Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà rédíò wọ ilé àwọn ènìyàn ní ìlú Èkó ní ọdún 1935, àpótí kékeré tí a gbé kọ́ ara ògiri a máa sọ̀rọ̀ ṣáá, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dá a lóhùn, kì í gbọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá ń pe irú ohun bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì bá a mu. Ṣùgbọ́n rédíò mìíràn wà tí orúkọ yìí kò bá mu rárá, nítorí pé òun a máa gba èsì. Irú rédíò yìí ni àwọn atukọ̀ fi ń ké sí ara wọn lójú agbami. Òun náà ni àwọn tí Òyìnbó ń pè ní amateur, èyíinì ni àwọn tí ń lo rédíò fún ìfẹ́ rẹ̀ láìgba owó, fi ń bá ẹlẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń lo wáyà tàbí òpó irin tí ó dúró ní òòró fún iṣẹ́ yìí. Éríà ni a ń pè é. Ẹni tí ó sọ irú éríà bẹ́ẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé ń lò ni Guglielmo Marconi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

A bí Marconi ní ìlú Bologna ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1874. Giuseppe ni orúkọ bàbá rẹ̀. Onílẹ̀ tí ó rí já jẹ ni. Annie Jameson ni ìyá rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Áílándì, láti inú ìdílé tí ó lókìkí nítorí ọtí tí wọ́n ń pọn. Láti kékeré ni ọmọ náà ti gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ìyá rẹ̀, èyí sì wúlò fún un lẹ́yìn ọ̀la. Kò tayọ ní ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò di akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná mànàmáná gbà á lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí Augusto Righi, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Bologna, fi fún un láàyè láti máa wá wo iṣẹ́ tí òun ń ṣe.

Ní nǹkan bí ọdún 1888, Heinrich Hertz, ará Jámánì, ti fi hàn pé bí iná mànàmáná bá ń ta pàrà láàárín irin méjì, ìgbì kan tí ojú kò lè rí a máa jáde láti ibẹ̀, a sì máa la iyàrá kọjá. Hertz kú ní ọdún 1894 láìtí ì pé ogójì ọdún. Ọmọ ogún ọdún ni Marconi nígbà náà. Bí ó ti ń ka ìròyìn iṣẹ́ olóògbé yìí, èrò kan sọ sí i lọ́kàn: bí ìgbì yìí bá lè la iyàrá kọjá, èé ṣe tí a kò fi lè fi í ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, láìsí wáyà láàárín?

Ìyá rẹ̀ fún un ní àjà òkè ilé wọn ní Villa Griffone láti máa fi ṣe ibi iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ràn iṣẹ́ náà, nítorí ó rò pé ọmọ náà ń fi àkókò àti owó ṣòfò. Kò pẹ́ kò jìnnà, Marconi tẹ bọ́tìnnì ní apá kan iyàrá, agogo sì dún ní apá kejì láìsí okùn tí ó so wọ́n pọ̀. Ní ọdún 1895 ó gbé iṣẹ́ náà jáde sí ìta gbangba. Níhìn-ín ni ó ti bá ìṣòro pàdé. Bí ó ti wù kí ó ṣe é tó, ìgbì náà kò lọ jìnnà. Ó pààrọ̀ èyí, ó tún tọ̀hún ṣe, ṣùgbọ́n pàbó ni ó ń já sí.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìdánwò, ó ṣe ohun kan tí ó rọrùn púpọ̀. Ó gbé irin pẹlẹbẹ kan sí orí òpó gíga, ó fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì ri apá kejì ẹ̀rọ náà mọ́ inú ilẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ọ̀nà tí ìgbì náà ń rìn gùn sí i. Ó ṣàkíyèsí pé bí wáyà náà bá ti ga tó ni iṣẹ́ náà ń jìnnà tó. Níkẹyìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Alfonso gbé ẹ̀rọ agbàgbì lọ sí ẹ̀yìn òkè kan tí ojú kò ká. Ìbọn ni ó mú lọ́wọ́, pé bí òun bá gbọ́, òun yóò yìn ín. Marconi tẹ ẹ̀rọ. Láìpẹ́ ìbọn ró lẹ́yìn òkè. Ó lé ní kìlómítà méjì láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Bí iná mànàmáná bá ń sáré lọ sókè sódò nínú wáyà òòró, ìgbì a máa jáde láti ara rẹ̀ káàkiri, gẹ́gẹ́ bí omi odò ti í ṣe nígbà tí a bá sọ òkúta sí i. Bí ènìyàn bá sì dúró létí omi tí ó pa rọ́rọ́, yóò rí òjìji ara rẹ̀ nínú omi, tí orí kọ sí ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilẹ̀ ṣe fún wáyà òòró. Ilẹ̀ a máa ṣe bí ẹni pé wáyà mìíràn wà nísàlẹ̀ tí ó gùn bí ti òkè. Nítorí náà, wáyà tí ó jẹ́ ìdá mẹ́rin gígùn ìgbì yóò ṣe iṣẹ́ èyí tí ó gùn tó ìdajì rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tàbí tí ó jẹ́ yanrìn, òjìji náà kì í mọ́lẹ̀, agbára púpọ̀ a sì máa ṣòfò sínú ilẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹ́ ọ̀pọ̀ wáyà yí ìdí éríà ká, gẹ́gẹ́ bí gbòǹgbò ti í yí ìdí igi ká.

Ní ọdún 1896 Marconi àti ìyá rẹ̀ kọjá sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù. William Preece, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1897 iṣẹ́ rẹ̀ la omi kọjá láti Lavernock dé erékùṣù Flat Holm. Ní oṣù kẹta ọdún 1899 ó ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Faransé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà tí ó tó nǹkan bí 50 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì pé ọmọ ọdún 25.

Èyí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó pinnu láti ránṣẹ́ la òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ni kò gbà pé ó ṣeé ṣe, nítorí pé ayé rí róbótó, ìgbì kò sì yẹ kí ó tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́ tẹ̀lé e. Ní Poldhu, létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé ogún òpó ró ní àyíká, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga tó nǹkan bí 60 mítà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1901 ìjì líle dé, ó sì wó gbogbo wọn lulẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, ìjì tún wó irú wọn tí a gbé ró ní Cape Cod ní Amẹ́ríkà. Owó ńlá àti iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù di àkúfọ́.

Ẹlòmíràn ìbá jókòó sunkún. Marconi gbé òpó méjì péré ró ní Poldhu, ó ta wáyà púpọ̀ sí àárín wọn, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Newfoundland pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ méjì, Kemp àti Paget. Kò sí àkókò láti gbé òpó ró níbẹ̀. Káìtì ni wọ́n lò, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ṣùgbọ́n tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti gbé wáyà tí ó gùn tó nǹkan bí 150 mítà lọ sókè. Ní ọ̀sán ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1901, bí afẹ́fẹ́ ti ń fi káìtì náà síwá sẹ́yìn, Marconi gbọ́ ìró mẹ́ta tí ó tò tẹ̀lé ara wọn. Èyí ni àmì lẹ́tà S tí wọ́n ti ṣe àdéhùn pé kí àwọn ará Poldhu máa tẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ fún Kemp, òun náà sì gbọ́. Ó lé ní 3,000 kìlómítà láàárín ibi méjèèjì.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà á gbọ́, àwọn onímọ̀ kan sì ń ṣiyèméjì títí di òní, nítorí pé etí ni ó jẹ́rìí, kò sí ohun tí a kọ sílẹ̀. Marconi kò bá wọn jà. Ní oṣù kejì ọdún 1902 ó wọ ọkọ̀ Philadelphia, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kọ iṣẹ́ tí ó ń wọlé láti Poldhu sí orí bébà. Bébà náà fi hàn pé iṣẹ́ ń dé láti ibi tí ó lé ní 2,000 kìlómítà, àti pé ìgbì náà ń jìnnà lóru ju ọ̀sán lọ. A wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ìpele kan wà lókè réré tí ó ń dá ìgbì padà sí ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí dígí ti í dá ìmọ́lẹ̀ padà.

Ní ọdún 1909 a fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá pẹ̀lú Karl Ferdinand Braun, ará Jámánì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1912, nígbà tí ọkọ̀ Titanic ń rì, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Marconi tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ké gbàjarè lórí rédíò. Ọkọ̀ Carpathia gbọ́, ó sì gba ẹ̀mí ènìyàn tí ó lé ní 700 là, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó lé ní 1,500 ṣègbé.

Síbẹ̀, ọlọ́gbọ́n kan kì í mọ ohun gbogbo tán. Fún ọdún púpọ̀ Marconi gbà pé ìgbì gígùn àti ẹ̀rọ ràbàtà nìkan ni ó lè dé ọ̀nà jíjìn. Ní ọdún 1912 òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà lé àwọn amateur lọ sí orí ìgbì kúkúrú, láti 200 mítà wálẹ̀, nítorí a rò pé kò wúlò. Àwọn wọ̀nyí kò rojọ́. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ní oṣù kejìlá ọdún 1921 a gbọ́ wọn ní Scotland, nígbà tí ó sì di oṣù kọkànlá ọdún 1923, Léon Deloy ní ilẹ̀ Faransé àti Fred Schnell ní Amẹ́ríkà bá ara wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì gba èsì. Marconi pẹ̀lú ti yí padà sí ìgbì kúkúrú, ó sì ń dán an wò nínú ọkọ̀ rẹ̀ Elettra.

Ìgbì kúkúrú yìí ni ó mú kí éríà òòró wọ àgbàlá ẹni tí kò ní ilẹ̀ púpọ̀. Ní Kétu, Ìkọ̀sí tàbí Máìlì 12, níbi tí ilé fara kan ilé, ta ni yóò rí àyè na wáyà gígùn ní ìbú? Ṣùgbọ́n òpó òòró kò gba ju ojú ilẹ̀ díẹ̀ lọ. Fún ìgbì 40 mítà, éríà 10 mítà tó. Fún 20 mítà, 5 mítà. Fún 10 mítà, 2.5 mítà. Ẹni tí ó fẹ́ bá ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀ ni ó yẹ fún jù lọ, nítorí pé ìgbì rẹ̀ a máa fò sún mọ́ ilẹ̀ lọ jìnnà. Ẹni tí ó fẹ́ bá ará Ìbàdàn tàbí Ìlọrin sọ̀rọ̀ lórí ìgbì 40 mítà lè rí i pé wáyà tí a ta ní ìbú, tí kò sì ga púpọ̀, sàn fún un. Éríà òòró a sì tún máa gba ariwo jẹnẹrétọ̀ àti mọ́tò ju èkejì lọ. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ ìjọba, kí a sì fún un ní orúkọ ìpè. 5N ni ti Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí ó má ṣe gbé e ró níbi tí ó lè wó lu wáyà iná, nítorí ikú ni. Kí ó sì yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ nígbà tí òjò bá ṣú, nítorí ààrá.

Kò yẹ kí á fi àbùkù Marconi pamọ́. Ní ọdún 1923 ó wọ ẹgbẹ́ Mussolini, aláṣẹ tí ó fi ipá ṣe ìjọba ilẹ̀ Ítálì. Nígbà tí ìjọba náà gbógun ti Ethiopia ní ọdún 1935, ó gbè é lẹ́yìn. Ẹni tí ó mú kí àwọn ènìyàn lè gbọ́ ohùn ara wọn láti òkèèrè kò fetí sí igbe àwọn tí a ń fi ìyà jẹ.

Marconi kú ní Róòmù ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1937, ní ọmọ ọdún 63. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì láti bọlá fún un.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ ńlá ni ó wà nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Àwọn ènìyàn a máa wo orí òpó, wọn a sì máa yin gíga rẹ̀, ṣùgbọ́n Marconi kò rí ojú iṣẹ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ó ri apá kan wáyà rẹ̀ mọ́ inú ilẹ̀. Ohun tí a kò rí nísàlẹ̀ ni ó gbé ohun tí a rí lókè dúró. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ kí a gbọ́ ohùn òun lókèèrè kọ́kọ́ wá gbòǹgbò fún ara rẹ̀.